Kíláàsì kẹsàn-án ni kí ẹ ti ṣọ́ ọmọ yín: ẹ̀kọ́ tí iṣẹ́ tíṣà kọ́ mi ní Chicago

Ìṣirò ni mo ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan ní apá gúúsù Chicago. Ọmọ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù ní kíláàsì mi, àwọn tí ìdílé wọn ti ṣí wá láti Mississippi àti Alabama tipẹ́. Àwọn Látínò wà níbẹ̀. Ọmọ tiwa náà wà níbẹ̀, àwọn tí wọ́n bí síhìn-ín àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Èkó tàbí Ìbàdàn. Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òbí sọ kò ju ẹyọ kan lọ: àlàfo tó wà láàárín èsì àwọn ọmọ dúdú àti ti àwọn ọmọ funfun ní ìlú ńláńlá Amẹ́ríkà ṣeé dín kù, ọdún àkọ́kọ́ ní girama, ìyẹn kíláàsì kẹsàn-án, sì ni mo ti rí i tí iṣẹ́ náà ti ń mú èso wá jù.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nípa àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tí mo máa ń gbọ́ lóde ayẹyẹ wa àti ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó máa ń dùn mí wọra: "Àwọn akátá wọ̀nyẹn ò fẹ́ kàwé." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ mọ́, pàápàá lójú ọmọ. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 1963, akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 200,000 ni kò lọ sílé-ìwé ní Chicago, tí àwọn èèyàn sì wọ́de lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìlú náà. Kí ló fà á? Ilé-ìwé àwọn dúdú kún àkúnya débi pé àwọn ọmọ kan ń wá láàárọ̀, àwọn mìíràn lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ ìjókòó ṣófo ní ilé-ìwé àwọn funfun. Benjamin Willis, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, kò jẹ́ kí wọ́n lọ jókòó síbẹ̀. Yàrá alágbèéká onípáànù ló ń gbé sínú ọgbà ilé-ìwé wọn. "Willis Wagons" ni àwọn èèyàn sọ àwọn yàrá náà. Ṣé òbí tí kò fẹ́ kí ọmọ òun kàwé ló máa jáde bẹ́ẹ̀? Lọ́dún 2013 ẹ̀wẹ̀, nǹkan bí 50 ilé-ìwé ni ìlú yìí tì pa lẹ́ẹ̀kan náà, àdúgbò àwọn dúdú ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà. Gbogbo ìyẹn ń bá ọmọ wọ kíláàsì. Tí wọ́n bá sì ń ka iye ọmọ dúdú nínú ìwé ilé-ìwé, ọmọ Yorùbá wà nínú rẹ̀.

Àwọn olùwádìí kan ní Yunifásítì Chicago, tí wọ́n ń pè ní Consortium, ló là wá lójú. Lọ́dún 2005 wọ́n fi hàn pé téèyàn bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ kan máa jáde girama láàárín ọdún 4, kó wo bó ṣe parí kíláàsì kẹsàn-án. Ọmọ tó ní ó kéré tán kírẹ́díìtì 5 (kírẹ́díìtì kan fún iṣẹ́ ọdún kan tó yege), tí kò sì gba F, ìyẹn àmì ìkùnà, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, fún sẹ̀mẹ́sítà kan péré, nínú àwọn iṣẹ́ pàtàkì bí Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, ọmọ yẹn wà lójú ọ̀nà. Ó ṣeé ṣe fún un láti jáde ní ìlọ́po tó ju 3 lọ ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti yà kúrò lọ́nà. Igi gańgańran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Lọ́dún 2007 ni wọ́n tún mú èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù jáde. Bí ọmọ ṣe ń wá sí kíláàsì lágbára ní ìlọ́po 8 ju máàkì ìdánwò tó gbé wá láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ, tí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá á fìdí rẹmi. Ọmọ tó gbé máàkì gíga wọlé, tó wá pa ọ̀sẹ̀ 2 jẹ nínú sẹ̀mẹ́sítà kan, iṣẹ́ tó ń fìdí rẹmi nínú rẹ̀ pọ̀ ju ti ọmọ tí máàkì rẹ̀ kéré, tó pa ọ̀sẹ̀ 1 péré jẹ. Ẹ tún un kà. Kì í ṣe orí pípé ni mo ń sọ. Àwọn ọjọ́ tí ọmọ kò sí níjòókòó ni. Ẹ sì rántí pé ọmọ tí wọ́n lé lọ sílé fún ìyà kò sí níjòókòó náà. Àwọn ọmọkùnrin dúdú ni wọ́n sì ń lé lọ sílé jù. Èmi ò lòdì sí kí wọ́n bá ọmọ wí, ṣùgbọ́n ìyà tó ń gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ọmọ, mi ò fara mọ́ ọn.

Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi tí ọpọlọ rẹ̀ mú bí abẹ. F ló ń gbà lọ́wọ́ mi, nítorí wákàtí àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ mi, kì í sì í tètè dé. A ti fẹ́ máa pè é ní ọ̀lẹ nígbà tí ẹnì kan nínú wa bi í léèrè ohun tó ń ṣe láàárọ̀. Òun ló ń mú àwọn àbúrò rẹ̀ dé ilé-ìwé tiwọn, nítorí iṣẹ́ alẹ́ ni ìyá wọn ń ṣe. Lẹ́yìn náà ló tó wọ bọ́ọ̀sì wá bá wa. A yí àtẹ àkókò iṣẹ́ rẹ̀ padà, a gbé ìṣirò lọ sí ọ̀sán, eré ìdárayá ló bọ́ sí àárọ̀. Ó yege.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é káàkiri ìlú náà nìyẹn: àwọn tíṣà kíláàsì kẹsàn-án á jókòó déédéé, wọ́n á gbé orúkọ àwọn ọmọ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wo ẹni tí kò wá, ẹni tí máàkì rẹ̀ ń wálẹ̀, ẹni tó máa pe ilé. Lọ́dún 2007, 57 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ kíláàsì kẹsàn-án ló wà lójú ọ̀nà. Nígbà tó fi máa di 2013, ó ti di 82. Àwọn ọmọkùnrin dúdú ló jèrè rẹ̀ jù: láti 43 lọ́dún 2005, wọ́n gòkè dé 71 lọ́dún 2013. Àwọn kan ní máàkì ọ̀fẹ́ ni tíṣà ń pín. Ṣùgbọ́n ní àwọn ilé-ìwé tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, iye àwọn tó jáde girama pọ̀ sí i, máàkì wọn nínú ACT, ìdánwò àtiwọ yunifásítì, kò sì já wálẹ̀ nítorí rẹ̀. Àlàfo náà ò tíì tán o, ìṣirò ló sì le jù. Fún ìyẹn, ohun tí mo gbà gbọ́ ni kí ọmọ 2 péré jókòó ti olùkọ́ kan, lójoojúmọ́, láàárín àsìkò ilé-ìwé. Wọ́n dán an wò ní Chicago níbí pẹ̀lú àwọn ọmọkùnrin tó ti ń rẹ̀yìn, ìmọ̀ ìṣirò wọn sì gbérí gan-an. Owó ń lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí mo mọ̀ tó tọ́ sí owó jù ú lọ.

Ó wá kan ilé tiwa. Bàbá kan tó jẹ́ ará wa sọ fún mi pé, "Àǹtí, ọmọ tèmi ò sí lára àwọn tí ẹ̀ ń sọ yẹn, ó lóye." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni sà, ó lóye. Ẹ jẹ́ ká jọ wo ìwé wíwá rẹ̀." Wọ́n ti lọ sílé fún Kérésìmesì, wọ́n fi ìsìnkú kún un, wọ́n fi ìgbéyàwó kún un. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ti lọ, ẹnikẹ́ni ò sì gba iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ọmọ. Mo mọ ohun tí ilé jẹ́ fún wa, mi ò ní kẹ́ ẹ má lọ. Ẹ jẹ́ kí ìrìn àjò náà bá ọjọ́ ìsinmi mu. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ tí kò ṣeé yẹ̀, ẹ rí tíṣà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó wọkọ̀ òfúrufú, kí ẹ gba iṣẹ́ ọmọ dání. Ẹ má dúró de ìwé èsì, nítorí ó máa ń pẹ́ kó tó dé. Ẹ máa wo máàkì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní òpin ọ̀sẹ̀, kí ọmọ jókòó tì yín. Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ariwo. Ẹ bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.

Nǹkan mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀. Láti ìgbà òfin ọdún 1988 ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ìjọba ní Chicago ti ní ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń dìbò yàn, Local School Council. Àwọn òbí ló ní ìjókòó 6 níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ yìí ló ń yan ọ̀gá ilé-ìwé, òun ló sì ń fọwọ́ sí ètò ìnáwó. Kò pọn dandan kéèyàn jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà kó tó dìbò tàbí kó tó díje. Ẹ lọ síbi ìpàdé wọn, kí ẹ jókòó pẹ̀lú àwọn ìyá àti bàbá adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń jà fún ilé-ìwé yẹn kí a tó dé. Kí ẹ dìde bi ọ̀gá ilé-ìwé pé: àwọn ọmọ kíláàsì kẹsàn-án mélòó ló ti yà kúrò lójú ọ̀nà báyìí, mélòó nínú wọn ni ọmọkùnrin dúdú, ta ló sì ń pe ilé wọn?