Èló ni tiẹ̀ níbẹ̀?

"Èló ni tiẹ̀ níbẹ̀ gan-an?" Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wálé láti ìpàdé ẹ̀ka wa nínú ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà Nàìjíríà (NBA) lónìí nìyẹn. Èmi kọ́ ni wọ́n ń bá wí o. Ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di lọ́yà ló dìde, ó ní òun fẹ́ mọ ohun tí wọ́n rà gan-an tí wọ́n fi kọ "ìnáwó mìíràn" sínú ìṣirò owó ọdún. Bàbá tó jókòó lẹ́yìn mi (ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n, Bàbá Ẹjọ́ Ilẹ̀) kò tiẹ̀ gbóhùn sókè. Wọ́n kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ yẹn sétí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Akápò ní òun á mú àlàyé wá nígbà mìíràn. Ìpàdé ń lọ.

  

Èló ni tiẹ̀. Ẹ wò ó, ìdáhùn wà o. Owó ìwé àṣẹ tí à ń san lọ́dọọdún, iye ọdún téèyàn ti lò lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n ń wò. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló ń san èyí tó kéré jù, àwọn SAN (àgbà lọ́yà tí wọ́n fi oyè Senior Advocate of Nigeria dá lọ́lá) ló ń san èyí tó pọ̀ jù. Bàbá ò parọ́ nígbà náà, tiwọn ju tọmọ yẹn lọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ iye tí ọ̀gá ọmọ yẹn ń fún un lóṣù, mi ò sì ní kọ ọ́ síbí. Tí 31 March bá kọjá tí kò tíì san, adájọ́ lè kọ̀ láti gbọ́ ọ. Owó ẹ̀ka ń bẹ lẹ́yìn ìyẹn. Owó òǹtẹ̀ tí à ń lẹ̀ mọ́ ìwé kóòtù láti 2015 náà ń bẹ. Kó tó wá débi owó àpérò ọdọọdún ẹgbẹ́.

Ká má ṣe bí ẹni mímọ́ ṣá. Àpérò Èkó lọ́dún 2022, ṣé ìṣirò owó la béèrè níbẹ̀? Báàgì àpérò la jà sí! Lọ́yà ń já báàgì gbà lọ́wọ́ lọ́yà, gbogbo ayé sì wò wá nínú fídíò. Èmi ò rí báàgì kankan gbà, kò sì sí ìṣirò owó tó tíì bí mi nínú tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ 300 mílíọ̀nù náírà ti Rivers tún ń jà mí lọ́kàn. Lọ́dún 2025, nígbà tí wọ́n kéde ìjọba pàjáwìrì níbẹ̀, ẹgbẹ́ gbé àpérò kúrò ní Port Harcourt lọ sí Enugu. Alábòójútó tí ààrẹ yàn ní kí wọ́n dá owó tí ìpínlẹ̀ ti fún wọn padà. Ẹgbẹ́ ní ẹ̀bùn ni. Inú mi dùn pé wọ́n kúrò níbẹ̀, ó gba ọkàn. Ṣùgbọ́n bẹ́nu bá jẹ, ojú á tì: kí la tún ń gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ìjọba fún, àwa tó yẹ ká máa bá wọn wí? Bẹ́ẹ̀ owó yẹn ò sì ti àpò mi jáde. Èló ni tèmi níbẹ̀?

Ẹ ò rí nǹkan. Bàbá ti kó ìbéèrè wọn sí mi lẹ́nu.

Àwọn náà ló fún mi lẹ́jọ́ ilẹ̀ tí mo kọ́kọ́ dá ṣe, wọn ò gba kọ́bọ̀. Wọ́n sì wà ní Port Harcourt lọ́dún 1992 tí àpérò dàrú, tí ẹgbẹ́ ò ní aṣáájú fún gbogbo orílẹ̀-èdè títí di 1998. Bóyá ẹni tó fojú rí ìyẹn, ìbéèrè kékeré á máa dún bí ìjà létí ẹ̀. Bóyá. Àbí torí ẹjọ́ ilẹ̀ yẹn ni mo ṣe ń wá àwáwí fún wọn…

Ọmọ yẹn ti tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí mi. Ó ń kó orúkọ jọ sábẹ́ lẹ́tà kan, pé kí ẹ̀ka gba ayẹ̀wé-owó-wò láti ìta. Gbogbo ẹni tó ti fọwọ́ sí i ni mo ṣáájú níṣẹ́. Màá fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ó di lẹ́yìn Sátidé, kí n kọ́kọ́ lọ bá bàbá nílé, kí n fẹnu ara mi sọ ọ́. Wọ́n á bínú, wọ́n á sì ní kí n jókòó jẹun.