Ìlú àrà, ìlù àrá: ọdún tí mo wọ kọ́yà ní Texas

Oṣù kẹjọ ọdún 2011 ni mo wọ ilé ìwé ní Arlington, ní Texas. Kánsẹ́lọ̀ tẹ́ ìwé kan síwájú mi. Gbogbo iṣẹ́ tí mo máa ṣe lọ́dún yẹn ti wà níbẹ̀, ìṣirò, kẹ́mísírì, Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn, àfi àyè méjì tó ṣófo. Ó ní ìjọba Texas kì í jẹ́ kí èèyàn jáde girama láìṣe iṣẹ́ ọnà fún ọdún kan ó kéré tán: àwòrán, orin, ijó tàbí eré orí ìtàgé. Ọmọ sáyẹ́ǹsì ni mí ní Ìbàdàn, JSS3 ni mo ti yà àwòrán gbẹ̀yìn. Mo mú àwòrán, mo mú kọ́yà mọ́ ọn, torí pé àwọn méjèèjì nìkan ni kò dẹ́rù bà mí lórí ìwé náà.

Daddy mi bínú. "Ṣé torí kóo lè máa kọrin la ṣe ta ilẹ̀ Ọ̀jọ́ọ̀?" Òótọ́ ni, owó ilẹ̀ náà ló gbé wa dé. Alẹ́ ni Mummy máa ń lọ tọ́jú àwọn arúgbó níbi iṣẹ́, oorun ṣì wà lójú wọn nígbà tí wọ́n ń gbà á sọ fún mi. "Ẹ jẹ́ ó ṣe é, wọ́n ní dandan ni." Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n inú Daddy ò yọ́.

Ní kíláàsì àwòrán, iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fún wa ni pé kí a tẹjú mọ́ ọwọ́ ara wa, kí a máa yà á, kí a má sì wo ìwé rárá. Tèmi jọ gbòǹgbò igi. Tíṣà ò bínú sí i. Ó ní àìwo nǹkan dáadáa ló ń bá ọ̀pọ̀ wa jà, pé ohun tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ la máa ń yà, kì í ṣe ohun tó wà níwájú wa. Nígbà tó yá, ó ní kí oníkálukú mú fọ́tò èèyàn rẹ̀ kan wá, kí a fi èédú yà á. Mo mú fọ́tò Màmá, ìyá Daddy mi, tó ń gbé ní Òkè-Àdó. Mo ya gèlè, mo ya iyùn ọrùn wọn, mo lo ọjọ́ mẹ́ta lórí ojú wọn nìkan. Pélé mẹ́ta wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màmá kọ̀ọ̀kan. N kò yà á. Mo jẹ́ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn dán bíi ti ọmọ tuntun. Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Mo kàn mọ̀ pé wọ́n máa bi mí ní ìbéèrè, ìbéèrè tí wọ́n ti bi mí nípa Áfíríkà sì ti sú mi. Máàkì mi pọ̀, wọ́n gbé e kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwé, bí mo bá sì ń kọjá níbẹ̀, ilẹ̀ ni mò ń wò.

Kọ́yà ni ibi tí ara ti kọ́kọ́ tù mí. Àga wa lọ sókè bí àtẹ̀gùn, ẹ̀yìn àwọn sòpráánò ni wọ́n fi èmi tí mò ń kọ áltò sí. "Miss" ni gbogbo ọmọ ń pe tíṣà wa, láìsí orúkọ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnu mi kọ̀, "mà" ni mò ń fi kún un títí mo fi jáde. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó fi orin onílà márùn-ún hàn wá lára pátákó, n kò mọ nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó wá di ẹ̀ṣẹ́, ó gbé e síwájú ikùn: do. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè díẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́: re. Ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ: mi. Gbogbo kíláàsì ń fọwọ́ ṣe é tẹ̀lé e, wọ́n ń kọ ọ́.

Díẹ̀ ló kù kí n pariwo. Sọ́lfà ni! Sọ́lfà tí ọ̀gá akọrin wa ní ṣọ́ọ̀ṣì máa ń fi máàkà kọ sára páálí, d, r, m, tí mo ti ń kọ láti ọmọ ọdún méje! Àlùfáà kan ní England tó ń jẹ́ John Curwen ló tan ọ̀nà yìí kálẹ̀ láàárín ọdún 1800 sí 1900, orí iṣẹ́ obìnrin kan, Sarah Glover, ló sì gbé e kà. Àwọn míṣọ́nnárì gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Curwen náà ló fi àmì ọwọ́ kún un, ṣùgbọ́n ọwọ́ yẹn ò dé ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ohùn ló wà lọ́wọ́ tèmi, ọwọ́ ló kù. Kí oṣù kẹsàn-án tó parí, mo ti wà lára àwọn tí Miss máa ń gbẹ́kẹ̀ lé bí a bá fẹ́ kọ orin tí a ò rí rí. Ní Texas, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, torí ní UIL, ìdíje àwọn ilé ìwé Texas, wọ́n á gbé irú orin bẹ́ẹ̀ fún gbogbo kọ́yà nínú yàrá kan, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n á fi wò ó, wọ́n á sì kọ ọ́ létí àwọn adájọ́.

Oṣù kẹwàá ni Miss pín orin Kérésì. Mo ṣí fódà mi, mo rí "Betelehemu", mo sì rí Yorùbá lábẹ́ àwọn nóòtì. Babatunde Olatunji, ọmọ Ajídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, ló gbé orin náà dé Morehouse College ní Atlanta nígbà tó lọ kàwé níbẹ̀ ní 1950. Wendell Whalum tó darí akọrin wọn ló tò ó fún ohùn kọ́yà, láti ibẹ̀ ló ti tàn dé àwọn girama káàkiri Amẹ́ríkà. N kò gbọ́ ọ rí ní Ìbàdàn.

Kò sí àmì ohùn kan lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ń kà á bí ẹni ń ka orúkọ oògùn. Ọjọ́ méjì ni mo fi dákẹ́. Bí mo bá sọ̀rọ̀ ní kíláàsì mìíràn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n máa ń ní kí n tún un sọ, n kò fẹ́ kí wọ́n tún gbọ́hùn mi. Lọ́jọ́ kẹta, Miss bi wá bóyá ẹnì kan mọ èdè yìí. Mo nawọ́.

Ó ní kí n bọ́ síwájú. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. N kò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé ohùn fún ẹni tí kò ní in, ni mo bá di ẹ̀ṣẹ́ bí Miss ti máa ń ṣe. Mo ní èdè mi ò ju ohùn mẹ́ta lọ, do, re àti mi, pé gbogbo ọ̀rọ̀ ló ní tirẹ̀. Mo ní kí wọ́n wo "ilu ara" tó wà nínú orin náà. Mo fọwọ́ ṣe do mi, do do: ìlú àrà, ìlú ìyanu, ohun tí orin ń sọ nìyẹn. Mo ṣe do mi, re mi: ìlú ará, ìlú àwọn ẹbí. Mo ṣe do do, do mi: ìlù àrá, ìlù tí àrá ń lù. Ẹnu ya wọn. Ọmọkùnrin kan tó ń kọ báàsì ní ìlù àrá ló wu òun. Miss ní kí gbogbo wọn fọwọ́ ṣe ti ìlú àrà, lẹ́yìn náà kí wọ́n sọ ọ́, láìsí orin. Ọmọ bí ọgọ́ta gbé ẹ̀ṣẹ́ wọn lọ sókè sódò, wọ́n sọ ìlú àrà bí ọmọ Ìbàdàn. Ẹkún gbọ̀n mí.

(Ọ̀pọ̀ orin tí a túmọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ni ohùn orin òyìnbó ti yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ekundayo Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní Kátídírà Marina ní Èkó, bá èyí jà títí, ó sì kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953. Ó yẹ kí àwọn ọ̀gá akọrin wa máa kà á.)

Alẹ́ kónsáàtì, Daddy ti ibi iṣẹ́ wá, wọ́n dúró lẹ́yìn lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Wọn ò bá mi sọ nǹkan kan nínú ọkọ̀. Ní Sunday, mo gbọ́ tí wọ́n ń fi fóònù gbé orin wa tí wọ́n ká sílẹ̀ lálẹ́ kónsáàtì sétí Màmá ní Òkè-Àdó. "Tún un gbé sí i," Màmá ní. "Àwọn òyìnbó ló ń pe ọ̀rọ̀ báyìí?" Daddy ní, "Ọmọ yín ló kọ́ wọn, mà."

Oṣù kẹrin, kíláàsì àwòrán gbé wa lọ sí mùsíọ́mù Kimbell ní Fort Worth. Mo ń wá àwòrán àwọn ará Yúróòpù tí tíṣà ní kí a wò ni mo já sí iwájú orí kan, amọ̀ tí wọ́n sun, tó jẹ́ ti Ifẹ̀. Ó ju 600 ọdún lọ. Adé wà lórí rẹ̀, ìlà tín-ín-tìn-ìn-tín sì bo ojú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó mọ ọ́n ò fo ọ̀kankan. Wọ́n tan iná sí i kí ìlà yẹn lè hàn, àwọn èèyàn sì ń rọra rìn níwájú rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀, mo ṣí ìwé mi, mo ń ya ìlà. Ìgbà tí wọ́n fi pe bọ́ọ̀sì, mi ò tíì yà á dé ẹnu.

Wọ́n dá àwọn àwòrán wa padà nígbà tí ilé ìwé fẹ́ parí. Mo tẹ́ Màmá sórí tábìlì ìdáná. Mo pè wọ́n, mo kí wọn, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, pélé yín, ṣé bákan náà ni gbogbo rẹ̀ ṣe gùn?"

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Mo mọ̀ pé ọwọ́ wọn wà lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Rárá o. Ti ọwọ́ òsì, èyí tó wà láàárín, òun ló gùn jù. Mo mirí, ni ọwọ́ olóòlà bá yẹ̀."

Mo gbé èédú, mo fà á gùn.