Ẹsẹ̀ òsì mi ló jẹ kílọ́ọ̀ṣì yẹn

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi fi Peugeot 504 píkọ́ọ̀pù rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ pé kí n máa fi kó gàrí láti Ìjẹ̀bú-Igbó lọ sí Ṣàgámù, mo ti ń pe ara mi ní dẹ́rẹ́bà. Mo mọ jíà í yí. Ibi tó yẹ kí ẹsẹ̀ òsì wà ni n kò mọ̀.

Orí kílọ́ọ̀ṣì, pẹ́dà tí a ń tẹ̀ kí a tó yí jíà, ni tèmi ń gbé. N kì í tẹ̀ ẹ́ wọlé o, mo kàn gbé ẹsẹ̀ lé e bí ẹni gbé e lé àpótí ni. Bí a bá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Sábó, tí ilẹ̀ ibẹ̀ sì dagẹ̀rẹ̀, háàfù kílọ́ọ̀ṣì, ìyẹn kí n tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì, ni mo fi ń mú ọkọ̀ dúró, láì tẹ búréèkì rárá. Mo tilẹ̀ ń fi yangàn.

Ọjọ́ Sátidé kan, kí a tó dé Ìkẹ́nnẹ́, ẹrù kún ọkọ̀, a ń gun òkè. Mo tẹ tọ́rótù, ẹ́ńjìnnì ké, ọkọ̀ ò lọ. Mo tún un tẹ̀. Ariwo lásán. Òórùn kan wá gba inú ọkọ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá ń wi ewúrẹ́. Ìyá tó ni gàrí wò mí: "Dẹ́rẹ́bà, ṣé kì í ṣe gàrí mi ló ń jó?"

Mẹkáníìkì sọ jíàbọ́ọ̀sì kalẹ̀, ó pè mí wá wò. Díìsì kílọ́ọ̀ṣì náà ti fẹ́lẹ́, ó dúdú, orí àwọn ìṣó rẹ̀ ti yọ síta, wọ́n ń dán. "Àwo yìí ló so ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà. Tí o bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì délẹ̀, wọ́n túra. Tí o bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, wọ́n dìmú. Ìwọ wá fi wọ́n sáàárín, wọ́n ń gbo ara wọn." Ó ní bàárínì tó ń ti kílọ́ọ̀ṣì náà ti ń ké.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti yí jíà tán, ilẹ̀ ni ẹsẹ̀ òsì mi ń lọ. Tí mo bá dúró lórí òkè tí mo sì fẹ́ gbéra, màá fa hánbúréèkì, màá ki jíà kìíní, màá rọra máa gbé kílọ́ọ̀ṣì sókè. Etí lẹ ó fi mọ̀ ọ́n: ohùn ẹ́ńjìnnì á wálẹ̀, imú ọkọ̀ á gbéra díẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tẹ tọ́rótù, kí ẹ tú hánbúréèkì sílẹ̀. Ẹni tó bá ń fun fèrè lẹ́yìn, ẹ jẹ́ kó máa fun ún. Nínú súnkẹrẹ, fírì (kí ọkọ̀ má sí nínú jíà kankan) àti búréèkì.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi í sí fírì tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀! Àwọn ará gáréèjì ní ó ń dín epo kù; èmi àti wọn kì í rẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹrù ló máa ń ti ọkọ̀, búréèkì nìkan ni yóò sì máa dì í mú, títí yóò fi gbóná tí kò ní mú mọ́. Jíà kékeré tí ẹ bá fi gun òkè náà, òun ni kí ẹ fi sọ̀ ọ́. Ẹ́ńjìnnì á bá yín fà á sẹ́yìn.

Ẹ̀gbọ́n mi ló sanwó díìsì tuntun náà. Títí dòní, tó bá jókòó tì mí nínú ọkọ̀, kì í wo títì. Ẹsẹ̀ òsì mi ló ń wò.