Níbo ni Ìlọrin parí sí?

Ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Ọ́fà Gáréèjì lónìí, tó forí lé ọ̀nà Àjàṣẹ́, kò ní mọ ìgbà tó jáde kúrò ní Ìlọrin. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, igbó ṣì wà láàárín ìgboro àti Gánmọ̀. Ẹ ó rí oko pákí, ẹ ó rí màlúù tó ń jẹ̀ lẹ́bàá títì. Báyìí, ilé ni, ṣọ́ọ̀bù ni, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì, ibi tí wọ́n ti ń mọ bulọ́ọ̀kù, ilé tún ni. Ó ti gba Gánmọ̀ kọjá, ó ti dé Àmọ́yọ̀, ó ti ń nawọ́ sí Ìdófìàn. Bó ṣe rí lọ́nà Ẹyẹnkọrin náà nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́nà Ṣáò.

Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìjọba, Ìlọrin ò kúrò lójú kan. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń kà sí Ìlọrin. Nígbà ìkànìyàn 2006, èèyàn 364,666 ni wọ́n kà ní Ìwọ̀-Oòrùn Ìlọrin, 204,310 ní Ìlà-Oòrùn, 208,691 ní Gúúsù. Ẹ ro ó pọ̀, 777,667 ni. Gánmọ̀ àti Àmọ́yọ̀ ò sí nínú rẹ̀, torí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ni wọ́n wà, èyí tí olú-ìlú rẹ̀ wà ní Ṣàárẹ́ lọ́hùn-ún. Ìjọba ìbílẹ̀ Asà ló ni Ẹyẹnkọrin, Mọ́rò ló ni Ṣáò. Ẹni tó ń sùn ní Gánmọ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba láàárín ìlú, tó ń ra ẹran lọ́jà Ìpàta, ará Ìfẹ́lódùn ni lójú ìwé.

Òṣìṣẹ́ ìlera ni mí. Ilé ìwòsàn kékeré kan tó jẹ́ tìjọba lọ́nà yìí ni mo ti ń gún ọmọ wẹ́wẹ́ lábẹ́rẹ́ àjẹsára. Àwọn olóṣèlú lè máa fi iye èèyàn jà láàárín ara wọn. Èmi, inú kúlà abẹ́rẹ́ ni mo ti ń rí i.

Láti 2006, wọn ò tíì tún èèyàn kà ní Nàìjíríà. Iye ọdún náà ni wọ́n ṣì ń mú, tí wọ́n ń fi bíi 3 nínú ọgọ́rùn-ún kún un lọ́dọọdún. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ní nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, mẹ́rin ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Bí ìwé bá wí pé èèyàn 10,000 ló wà ládùúgbò kan, ọmọ 400 nìyẹn lọ́dún, ìyẹn bíi 33 lóṣù kan. Orí iye yìí ni wọ́n máa ń gbé abẹ́rẹ́ tí wọ́n fẹ́ fún wa kà.

Mi ò ní ìṣirò yẹn ò dára fún odindi ìpínlẹ̀. Èèyàn Kwara jẹ́ 1,548,412 ní 1991, ó di 2,365,353 ní 2006. Ẹni tó bá ṣírò rẹ̀ á rí i pé ó sún mọ́ 3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún lóòótọ́. Ibi tọ́rọ̀ ti wọ́ ni pé ìbísí kan náà ni wọ́n ń bù fún gbogbo ibi. Gánmọ̀ tí ilé ń hù lójoojúmọ́, 3. Abúlé tó wà nínú lọ́hùn-ún, tí ajínigbé ti lé àgbẹ̀ kúrò lóko, tí àwọn ọ̀dọ́ sì ti kó lọ, òun náà 3. Lójú ìwé, èèyàn ṣì ń pọ̀ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àwọn tó sá kúrò níbẹ̀ ti gba yàrá sọ́dọ̀ wa, orúkọ ọmọ wọn wà nínú rẹ́jísítà mi. Aṣọ ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n ń gbé wọ géńdé.

Bí mo bá wá gún ọmọ 60 lábẹ́rẹ́ níbi tí ìwé ti ní 33 ló wà, ìjábọ̀ mi á fi hàn pé mo ṣe ju 180 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àwọn tó wà lókè á wò ó, wọ́n á ní ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò fi irọ́ kún un? Èyí tó dùn mí jù kì í tiẹ̀ ṣe tèmi. Akẹgbẹ́ mi kan wà lábúlé tó ti dá páropáro, tó máa ń fẹsẹ̀ rìn láti ojúlé dé ojúlé. Kò sọ́mọ kan tí kò gún níbẹ̀, síbẹ̀ ìwé ní kò tó ìdajì. Ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é. Mi ò lè gbàgbé ọ̀rọ̀ náà lára obìnrin yẹn.

Ìgò BCG kan, ìyẹn abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà ikọ́ ẹ̀gbẹ, ọmọ ogún ló wà fún. Tí a bá ti po ó, wákàtí mẹ́fà péré ló ní. Ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn náà, dídànù ni. Ìdí nìyí tá a fi ń dá ọjọ́ fún un, kí àwọn ìyá ọmọ lè pé jọ. Lọ́jọ́ kan, wọ́n pọ̀ ju abẹ́rẹ́ lọ. Ìgò tán, ọmọ ṣì kù lórí bẹ́ǹṣì. Ìyá kan wà níbẹ̀, ọmọ tó gbé lọ́wọ́ kò tíì pẹ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, tìróò ṣì wà lójú rẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ràn mí lọ́wọ́, ọ̀nà mi jìn.” Mo ṣí rẹ́jísítà, mo béèrè ibi tó ń gbé.

“Ẹ̀yìn ilé-epo yẹn ni mà. Tẹ́ ẹ bá rí ibi tí wọ́n ti ń mọ bulọ́ọ̀kù, ẹ yà sọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ ó rí géètì pupa kan. Ìwájú rẹ̀ díẹ̀ ni.”

“Kí lorúkọ àdúgbò náà?”

“Wọn ò tíì fún un lórúkọ, mà. Àwa la kọ́kọ́ kó dé ibẹ̀.”

Kò sí ìlà kankan fún irú ibẹ̀ nínú ìwé mi. Orúkọ àwọn abúlé àtijọ́ ló wà nínú ẹ̀. Mo kọ ọ́ sábẹ́ Àmọ́yọ̀, mo ní kó padà wá lọ́jọ́ BCG tó kàn. Ó padà wá, Ọlọ́run ṣeun. Ọ̀pọ̀ ni kì í padà.

Àwa náà la sì máa ń sá fún kíkà. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, mo mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ èmi náà. Tí mo bá bi ìyá kan pé ọmọ mélòó ló wà nílé, “Ọlọ́run ń ṣọ́ wọn” ló máa fi dá mi lóhùn, kò sì ní í kọjá ibẹ̀. Mi ò bá a jà. Ohun tó ń bí mi nínú ni ìrìn-àjò ìkànìyàn. Lóṣù Ẹ̀kẹta 2006, bàbá mi ránṣẹ́ sí gbogbo àwa ọmọ pé ká wálé ní Ìsin, kí wọ́n kà wá sílé. Kì í ṣe ilé wa nìkan, mọ́tò tó ń ti Ìlọrin lọ sí ilẹ̀ Ìgbómìnà kún fọ́fọ́. Mi ò dá bàbá mi lẹ́bi. Nínú ìlànà tí wọ́n fi ń pín owó ìjọba àpapọ̀ láàárín àwọn ìpínlẹ̀, iye èèyàn ló ni 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Bàbá mi ò mọ iye yẹn, àmọ́ ó mọ̀ pé ìlú tí èèyàn rẹ̀ ò pọ̀ kì í rí nǹkan gbà. Wọ́n kà wá tán, a padà sí Ìlọrin, níbi tá a ti ń pọn omi, tá a ti ń rìn lójú títì, tá a ti ń bímọ.

Wọ́n ní àwọn á kà wá ní 2023. Wọ́n ti pín ilẹ̀ sí wẹ́wẹ́, wọ́n ti kọ nọ́ńbà sára ògiri ilé, wọ́n sún un láti oṣù Ẹ̀kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún, ìjọba wá dá a dúró. Nọ́ńbà náà ṣì wà lára ògiri kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn wa. Ilé tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn rẹ̀ látìgbà náà ò ní. Ẹ̀yin ará ilé mi ní Ìgbómìnà, bí wọ́n bá tún dá ọjọ́, ẹ jẹ́ ká dúró síbi tí à ń sùn. Ilé ò ní gbàgbé wa. Ẹ fi ìlú sílẹ̀ fún àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lóòótọ́, kí abẹ́rẹ́ àti nọ́ọ̀sì tó tọ́ sí wọn lè dé ọ̀dọ̀ wọn, kí tiwa náà lè dé ọ̀dọ̀ wa.

Ní báyìí, èmi àti àwọn méjì tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya máàpù tiwa sórí káádíbọ́ọ̀dù. A máa ń jáde lẹ́yìn iṣẹ́, à ń kọ ojúlé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ibi tí aláboyún wà, ibi tí ọmọ wẹ́wẹ́ wà. Àdúgbò ẹ̀yìn ilé-epo ti wà lórí rẹ̀, àwọn ìyá ibẹ̀ ló fúnra wọn sọ orúkọ tá a kọ sí i. Apá tó lọ sọ́nà Ìdófìàn ló kù. Bí òjò bá fún wa láyè, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa débẹ̀.