Ẹ Bá Wa Dúpẹ́: Ìpayà Lọ, Ara Náà sì Balẹ̀

Ẹ bá wa gbé Olúwa ga, àwa tí ìpayà òjijì ki mọ́lẹ̀, tí a rò pé ikú ló dé, tí a kò sì kú. Ìpayà náà fúnra rẹ̀ kì í pẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú 10 ló máa ń le dé òpin, kó tó máa rọlẹ̀. Ìbọ́ lọ́wọ́ ohun tó ń ṣẹ́kù sára ni ọpẹ́ wa wà fún jù: àyà á fún, ìka á kú tìpìrì, òòyì á máa kọ́ni, ó sì lè tó ọjọ́ mélòó kan kí okun tó padà.

A dúpẹ́ pé a mọ ibi tó ti ń wá. Mímí hẹlẹhẹlẹ ló ń lé carbon dioxide, afẹ́fẹ́ tí a ń mí síta, jáde lára jù, òun ló ń mú ìka àti ètè kú tìpìrì. Iṣan àárín egungun ìhà tó ṣiṣẹ́ àṣejù ló ń roni lọ́jọ́ kejì, bí apá ẹni tó gúnyán fún 20 àlejò.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi èyí jókòó sílé. Kí dókítà ya ECG, ìyẹn àyẹ̀wò bí ọkàn ṣe ń lù, kó yẹ ẹ̀jẹ̀, ṣúgà àti thyroid, ẹ̀yà ara kékeré iwájú ọrùn, wò. Bí àyà bá ń dunni ju ìṣẹ́jú 15 lọ, tó ń ta dé apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn tútù ń bo ni, tàbí tí èèyàn dákú, ilé ìwòsàn yá lójú ẹsẹ̀.

Mímí láti ikùn ló tu ara lára. Gbé ọwọ́ lé ìdodo, sọ èjìká kalẹ̀, fi imú fa èémí, ka 1 dé 4. Tú u jáde wẹ́rẹ́, ka 1 dé 6. Ìṣẹ́jú 5, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Bí òòyì bá ń pọ̀ sí i, o ń fà á jù ni, dín in kù. Má borí sínú ọ̀rá láti máa mí níbẹ̀ o! Jẹun lásìkò, nítorí ebi náà ń mú ara gbọ̀n. Obì àti kọfí ń mú ọkàn sáré, fi wọ́n sílẹ̀ ná.

Èyí tó nira jù láti jáwọ́ nínú rẹ̀ ni ìka méjì tó ń yọ́ lọ sí ọrùn ọwọ́ láti ka bí ọkàn ṣe ń lù. Bí a ti ń kà á ni ẹ̀rù ń pọ̀, ọkàn á wá sáré lóòótọ́. Wá iṣẹ́ fún ìka náà: ṣa ẹ̀wà, já ewédú.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ, aya àti ọmọ tó jókòó tì wá lóru, tí wọn kò sọ pé “ṣebí dókítà ní kò sí nǹkan kan,” tí wọ́n kàn ń bá wa ka 4, tí wọ́n ń bá wa ka 6, títí oorun fi gbé wa lọ.