Bọ́tìnì tí kò lórúkọ
Àná ni mo gbé áàpù ìfowóránṣẹ́ tí mo ń yà lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kan tí wọn kò ríran. "Ẹ bá mi wò ó." (Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó rántí!)

Wọ́n tan TalkBack, ohùn inú fóònù Android tó ń ka ohun tó wà lójú fóònù fún ẹni tí kò ríran, wọ́n gbé fóònù sétí, wọ́n ń fi ìka kan ra ojú rẹ̀. Ohùn inú fóònù ní: "Bọ́tìnì tí kò lórúkọ." Wọ́n sún ìka. "Bọ́tìnì tí kò lórúkọ." Ẹ̀ẹ̀marùn-ún!

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Àbúrò, èwo ló ń fowó ránṣẹ́ nínú gbogbo wọn?"

Òógùn bò mí. Ọfà kékeré aláwọ̀ ewé ni mo yà sórí bọ́tìnì náà, èyí tí gbogbo ọ́fíìsì ń yìn mí lé lórí! Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni n kò kọ mọ́ ọn nínú kóòdù: Fi owó ránṣẹ́.

Mo ṣí kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ jẹun ná.