Ọjọ́ wo ni ó yẹ kí wọ́n ka adìẹ tí àrùn wọ̀?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń sin adìẹ ẹlẹ́yin ní ẹ̀yìn ìlú Abẹ́òkúta níhìn-ín. Ní ọdún 2015, nígbà tí àrùn bird flu tún padà wọ Nàìjíríà, adìẹ 400 ni ó wà nínú kéèjì wọn, wọn kò sì tíì yé ẹyin ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìwé kékeré kan tí wọ́n ń kọ ẹyin ojoojúmọ́ sí: kéréètì 2, kéréètì 4, kéréètì 7. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n bá adìẹ mẹ́ta ní òkú, ogbe orí wọn dúdú bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú aró. Wọ́n pè mí, wọ́n ní, "Àbúrò mi, bí mo bá pe àwọn dókítà ẹranko, gbogbo rẹ̀ ni wọn yóò pa. Ta ni yóò sanwó rẹ̀ fún mi?"

Mo ní kí wọ́n pè, wọ́n sì pè lọ́jọ́ náà gan-an. Ọjọ́ kẹrin ni àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn tó dé, adìẹ 170 ni wọ́n sì bá láàyè. Wọ́n pa wọ́n, wọ́n sin wọ́n, wọ́n dáná sun kéréètì àti oúnjẹ adìẹ tí ó kù, wọ́n sì kọ 170 sínú fọ́ọ̀mù.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àánú ni ìjọba ń ṣe olóko bí ó bá san owó gbà-má-bínú. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó rí àrùn yìí lára adìẹ rẹ̀ lè pariwo kí ó sì pàdánù gbogbo rẹ̀, ó sì lè kó àwọn tí kò tíì ṣubú lọ sí ọjà Kútọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àrùn náà a máa ran ènìyàn. Ní ọdún 2007, ó pa obìnrin kan ní Èkó. Owó tí a bá san fún ẹni tí ó pariwo ni kò ní jẹ́ kí adìẹ aláìsàn dé inú ìkòkò ọbẹ̀ ẹlòmíràn.

Nígbà tí àrùn náà kọ́kọ́ wọ ilẹ̀ Áfíríkà, ní Jaji ní ìpínlẹ̀ Kàdúná, ní oṣù Kejì ọdún 2006, 250 náírà ni ìjọba ní àwọn yóò san lórí adìẹ kọ̀ọ̀kan. Yàtọ̀ sí pé owó náà kéré, kò yẹ kí iye kan náà kárí gbogbo adìẹ. Adìẹ ẹlẹ́yin a máa jẹun fún nǹkan bí oṣù mẹ́rin sí márùn-ún kí ó tó yé ẹyin àkọ́kọ́, nígbà tí olówó rẹ̀ ti náwó tán tí kò sì tíì rí èrè kankan. Èyí tí ó ti yé ẹyin fún ọdún kan ti dá owó rẹ̀ padà, ẹran rẹ̀ nìkan ni ó kù láti tà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, adìẹ tí ara rẹ̀ dá nìkan ni wọ́n ń sanwó fún. Ó lè dàbí ìkà, ṣùgbọ́n mo rí ọgbọ́n inú rẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá tètè sọ ni yóò ní adìẹ púpọ̀ tí wọn yóò sanwó lé lórí. Àbùkù rẹ̀ ni pé bí àwọn tí yóò pa adìẹ bá pẹ́, olóko ni ó ń jìyà ìdádúró tí kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀. Ní ọdún 2022, wọ́n tún un ṣe, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka adìẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ ètò pípa náà.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún níhìn-ín kọjá ìyẹn díẹ̀: kí wọ́n kọ ọjọ́ àti wákàtí tí olóko pè sílẹ̀, kí ìwé ọwọ́ rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀rí iye adìẹ àti ọjọ́ orí wọn. Ní òwúrọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi pè, adìẹ 397 ni ó wà láàyè nínú kéèjì.